Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ọ̀nà Òfuurufú Láàárín Ìlú Méjì Tó Jìnnà Síra: Kìlómítà, Wákàtí àti Aago Ibi Tí A Ń Lọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wo tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n rí i pé bàálù yóò gbéra ní London ní agogo 11:00 àárọ̀, yóò sì balẹ̀ ní New York ní nǹkan bí agogo 2:00 ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, tí wọ́n sì gbà pé wákàtí mẹ́ta ni ìrìn-àjò náà. Ẹlòmíì á wá iye kìlómítà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á fi eré bàálù pín in, síbẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ á fi odindi wákàtí kan yàtọ̀ sí ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń lú pọ̀: bí ìlú méjèèjì ṣe jìnnà síra, iye wákàtí tí bàálù yóò fi rìn, àti ohun tí aago yóò máa sọ níbi tí a bá balẹ̀ sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣírò tirẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ èkejì láì tíì parí èkíní.

Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀

- Ẹ̀rọ ìṣírò tó ní bọ́tìnnì sin, cos àti cos⁻¹. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ yí fóònù náà sí ìbú, ó lè yọ.
- Lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fi ń dá pápákọ̀ òfuurufú kọ̀ọ̀kan mọ̀.
- Latitude (nọ́ńbà tó ń sọ bí ibì kan ṣe lọ sí àríwá tàbí gúúsù tó) àti longitude (èyí tó ń sọ bó ṣe lọ sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn tó) pápákọ̀ méjèèjì. Bí ẹ bá tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú Google Maps, nọ́ńbà méjì náà yóò jáde.
- Ìyàtọ̀ tó wà láàárín aago ìlú kọ̀ọ̀kan àti UTC (aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n), ní ọjọ́ tí ẹ ń rìn gan-an.
- Bébà àti báírò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí nìkan, pàápàá nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ aago.

Ìpele 1: Ẹ mú pápákọ̀, ẹ má mú ìlú

Ìlú ńlá kan lè ní pápákọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. London ní Heathrow (LHR), Gatwick (LGW), Stansted (STN), Luton (LTN) àti London City (LCY). Tokyo ní Haneda (HND) àti Narita (NRT), Narita sì tó nǹkan bíi 60 kìlómítà sí àárín ìlú. Ní ti New York, JFK àti LaGuardia (LGA) wà nínú ìlú náà, ṣùgbọ́n Newark (EWR) tí wọ́n ń kà mọ́ wọn wà ní New Jersey. Ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan nínú kìlómítà òfuurufú. Ibi tó ti ń dun èèyàn ni ìgbà tó bá fẹ́ wọ bàálù kejì ní pápákọ̀ tí kì í ṣe èyí tó balẹ̀ sí.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni àwọn lẹ́tà tó dúró fún gbogbo pápákọ̀ ìlú kan lápapọ̀, bíi LON, NYC àti TYO. Bí ẹ bá rí wọn lójú ìwé, wọn kò tíì sọ pápákọ̀ kankan fún yín. Èkejì ni ìlú tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. SJO ni San José ti Costa Rica, SJC sì ni San José ti California. BHX ni Birmingham ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BHM ni ti Alabama. SYD ni Sydney ti Ọsirélíà, àmọ́ Sydney mìíràn wà ní Kánádà, YQY sì ni lẹ́tà tirẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* lórí bébà yín, lẹ́tà mẹ́ta àti orúkọ orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ wà fún ibi tí ẹ ti ń gbéra àti ibi tí ẹ ń lọ. Bí ọ̀kan bá ṣófo, ẹ má tíì kọjá ibí.

Ìpele 2: Ẹ ṣírò bí wọ́n ṣe jìnnà síra

Ẹ má fi rúlà wọn án lórí máàpù tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ. Ayé rí róbótó, nígbà tí wọ́n bá sì tẹ́ ẹ sórí bébà, apá òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ìlà tó tọ́ lójú máàpù kì í ṣe ọ̀nà tó kúrú jù. New York wà ní gúúsù sí London, síbẹ̀ bàálù tó ń lọ láti London á kọ́kọ́ kọrí sí àríwá díẹ̀, á gba òkè Ireland, á sì fẹ̀gbẹ́ kan Newfoundland kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fa okùn tín-ínrín le láàárín ìlú méjèèjì lára àwòrán ayé tó rí bíi bọ́ọ̀lù, ẹ ó fi ojú ara yín rí ọ̀nà náà.

Àṣìṣe mìíràn tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á béèrè ibi tí ìlú kan jìnnà sí òmíràn dé, á sì kọ kìlómítà títì mọ́tò sílẹ̀. Kìlómítà títì máa ń gùn ju ti òfuurufú lọ, nítorí títì gbọ́dọ̀ yí òkè àti omi po.

Ìṣírò náà nìyí. Ẹ pe latitude méjèèjì ní A àti B, kí ẹ yọ longitude kan kúrò nínú èkejì, kí ẹ sì pe èyí tó kù ní L:

cos D = (sin A × sin B) + (cos A × cos B × cos L)

D ni iye dígírì tó wà láàárín ibi méjèèjì; bọ́tìnnì cos⁻¹ ló ń mú un jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fi 111.2 sọ D di púpọ̀. Dígírì kan lára ayé tó 111.2 kìlómítà, nítorí pé láti àárín ayé sí ojú ilẹ̀ jẹ́ 6,371 kìlómítà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é fún Heathrow àti JFK.

1. Heathrow: latitude 51.47, longitude −0.45. JFK: latitude 40.64, longitude −73.78. Àmì ìyọkúrò iwájú longitude túmọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn.
2. L = −0.45 − (−73.78) = 73.33.
3. sin 51.47 × sin 40.64 = 0.7823 × 0.6513 = 0.5095.
4. cos 51.47 × cos 40.64 × cos 73.33 = 0.6229 × 0.7588 × 0.2869 = 0.1356.
5. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 0.6451. Ẹ tẹ cos⁻¹: 49.83 dígírì.
6. 49.83 × 111.2 = 5,541 kìlómítà.

Ìṣírò tó péye jù èyí lọ ń fún wa ní nǹkan bíi 5,555, nítorí náà a ti sún mọ́ ọn gan-an. Ayé kò rí róbótó délẹ̀délẹ̀, ó wú díẹ̀ ní ìbàdí, ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ìyẹn ń fà kò ju ìdajì kìlómítà nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣubú:

- Ẹ̀rọ ìṣírò wà ní radian (ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń wọn igun) dípò dígírì. Ẹ kọ́kọ́ tẹ cos 60. Bí ìdáhùn kò bá jẹ́ 0.5, ẹ yí i padà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.
- Wọ́n gbàgbé àmì ìyọkúrò. Ìlú tó wà ní gúúsù ìlà tó pín ayé sí méjì, bíi Sydney ti Ọsirélíà (−33.95), gbọ́dọ̀ ní àmì náà níwájú latitude rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ẹ ti gbé ìlú náà lọ sí ìhà àríwá nìyẹn, iye kìlómítà á sì bàjẹ́ pátápátá.
- Ẹ̀rù ń bà wọ́n nígbà tí L bá ju 180 lọ. Haneda wà ní 139.78, Los Angeles wà ní −118.41, L sì di 258.19. Ẹ má fòyà. cos 258.19 àti cos 101.81 jẹ́ ọ̀kan náà, ìṣírò náà fúnra rẹ̀ ló ń mú apá tó kúrú. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 8,810 kìlómítà.
- Wọ́n da máìlì méjì pọ̀. Máìlì ojú ilẹ̀ jẹ́ 1.609 kìlómítà, máìlì ojú òkun, èyí tí àwọn awakọ̀ òfuurufú ń lò, jẹ́ 1.852 kìlómítà. 5,540 kìlómítà tó 3,440 ní ti àkọ́kọ́, àmọ́ kò ju 2,990 lọ ní ti èkejì.

*Àyẹ̀wò:* kò sí ibi méjì láyé tó jìnnà síra ju nǹkan bíi 20,000 kìlómítà lọ, nítorí ìdajì àyíká ayé nìyẹn. Bí iye yín bá kọjá bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ti wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi 60 sọ D di púpọ̀: máìlì ojú òkun ló yẹ kó jáde. Fún àpẹẹrẹ wa, 49.83 × 60 = 2,990. Ó bára mu.

Ìpele 3: Ẹ sọ kìlómítà di wákàtí

Bàálù ńlá tó ń lo ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì máa ń sá eré tó wà láàárín 830 àti 900 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tó bá ti wà lókè. 870 ni èmi máa ń mú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kàn fi 870 pín 5,540, ẹ ó rí nǹkan bíi wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 22, iye yẹn kò sì ní bá ti iléeṣẹ́ bàálù kankan mu. Ohun mẹ́ta ló sọnù nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí bàálù ń gbà gan-an gùn ju ọ̀nà tó kúrú jù lọ. Bàálù gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ipa tí àwọn tó ń darí òfuurufú yà sọ́tọ̀, kó sì yẹra fún ìjì. Mo máa ń fi kìlómítà 4 kún 100 kọ̀ọ̀kan. 5,540 á di nǹkan bíi 5,760.

Bàálù kì í sá eré 870 látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ń yí lórí ilẹ̀, ó ń dúró de tirẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì tún ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú 40 kún un. Àkókò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí bàálù bá ti kúrò lẹ́nu géètì títí di ìgbà tó bá dúró lẹ́nu géètì kejì, kì í ṣe ìgbà tí táyà kúrò nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni atẹ́gùn, òun ló sì lágbára jù. Níbi tí àwọn bàálù ńlá ń gbà, ní nǹkan bíi kìlómítà 10 sí 12 lókè, atẹ́gùn líle kan wà tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Jet stream ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá ń lọ sí ìlà-oòrùn, ó ń tì yín. Bí ẹ bá ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó ń dá yín dúró. Ìdí nìyẹn tí àlọ àti àbọ̀ ojú ọ̀nà kan náà kò fi ń gba iye wákàtí kan náà. Ó máa ń le jù nígbà òtútù. Ní oṣù kejì ọdún 2020, Boeing 747 ti British Airways kan fi wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56 péré fò láti New York dé London, nítorí atẹ́gùn náà le lọ́nà àrà ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe òdiwọ̀n.

Fún ìrìn-àjò tó lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ní ìhà àríwá ayé, ẹ yọ 80 kúrò nínú eré bàálù. Fún èyí tó lọ sí ìlà-oòrùn, ẹ fi 80 kún un. Bí ọ̀nà yín bá jẹ́ láti àríwá sí gúúsù, ẹ fi 870 sílẹ̀ bó ṣe wà.

- London sí New York: 5,760 ÷ 790 = 7.29. Ó jẹ́ wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 17. Fi 40 kún un: wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 57.
- New York sí London: 5,760 ÷ 950 = 6.06. Ó jẹ́ wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 4. Fi 40 kún un: wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 44.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí: 7.29 kì í ṣe wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 29. Ẹ fi 60 sọ ohun tó wà lẹ́yìn àmì náà di púpọ̀: 0.29 × 60 = 17. Mo ti rí i tí àwọn tó mọ ìwé dáadáa ń ṣe àṣìṣe yìí, ó sì lè jẹ́ kí bàálù kejì fò láìsí wọn nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ìṣírò kò lè mọ̀: òfuurufú tí wọ́n ti pa. Láti oṣù kejì ọdún 2022, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Yúróòpù kò lè gba òkè Rọ́ṣíà mọ́. Helsinki sí Tokyo kò pé 8,000 kìlómítà, nǹkan bíi wákàtí 9 àti ààbọ̀ ni wọ́n sì fi ń dé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí ó ń tó wákàtí 13, nítorí bàálù gbọ́dọ̀ yípo. Kí ẹ tó gbà pé ìṣírò yín péye, ẹ wo àwọn orílẹ̀-èdè tí ìlà okùn yẹn gbà kọjá.

*Àyẹ̀wò:* bí ọ̀nà yín bá jẹ́ ti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, ẹ ṣe àlọ, ẹ ṣe àbọ̀. Èyí tó lọ sí ìlà-oòrùn gbọ́dọ̀ kúrú ju èkejì lọ. Bó bá jẹ́ òdìkejì, ẹ ti fi 80 kún ibi tó yẹ kí ẹ yọ ọ́.

Ìpele 4: Ẹ ṣírò aago ibi tí ẹ ń lọ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń sọnù, nítorí wọ́n fẹ́ fo láti aago ìlú kan sí ti èkejì lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì mọ̀ bóyá kí àwọn fi kún un tàbí kí àwọn yọ ọ́. Ọ̀nà tí kì í jáni kulẹ̀ ni pé kí ẹ gba UTC kọjá:

1. Ẹ kọ aago ìgbéra àti ọjọ́ rẹ̀.
2. Ẹ yọ ìyàtọ̀ UTC ìlú ìgbéra kúrò. Bó bá jẹ́ UTC−5, ẹ fi 5 kún un; bó bá jẹ́ UTC+9, ẹ yọ 9.
3. Ẹ fi wákàtí ìrìn-àjò kún un.
4. Ẹ fi ìyàtọ̀ UTC ìlú ìbalẹ̀ kún un, pẹ̀lú àmì tó wà níwájú rẹ̀.

Ìgbà òtútù, London (UTC+0) ní 11:00. UTC jẹ́ 11:00. Fi 7:57 kún un, ó di 18:57. New York jẹ́ UTC−5: 13:57. Wákàtí mẹ́ta yẹn tí ojú ń rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì, wákàtí mẹ́jọ ni ara máa jókòó fún.

Àbọ̀ rẹ̀: New York ní 19:00. UTC jẹ́ 00:00 ọjọ́ kejì. Fi 6:44 kún un: 06:44 ní London, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àmì +1 tí ẹ máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ìbalẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò bá kà á á rán èèyàn wá pàdé òun ní ọjọ́ tí òun kò tíì dé.

Ti Tokyo àti Los Angeles ló ń da ọkàn èèyàn rú jù. Haneda, ọjọ́ Ajé, 22:00 (UTC+9). UTC jẹ́ ọjọ́ Ajé, 13:00. Ìrìn-àjò náà, bí a bá ṣe é bíi ti ìpele 3, gba wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 19: 23:19. Los Angeles nígbà òtútù jẹ́ UTC−8: 15:19, ọjọ́ Ajé kan náà. Ẹ balẹ̀ kí aago tí ẹ fi gbéra tó lù. Ìṣírò náà kò ṣìṣe, ìlà tí ọjọ́ ti ń yí padà ní Òkun Pàsífíìkì lẹ ré kọjá. Nígbà àbọ̀, odindi ọjọ́ kan ló dà bíi pé ó sọnù: ẹ kúrò ní Los Angeles lọ́jọ́ Ajé ní 12:00, UTC jẹ́ 20:00, ẹ fi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 16 kún un, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun 08:16. Ní Tokyo, agogo 17:16 ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta:

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ń sún aago wọn síwájú nígbà ooru, wọn kì í sì í ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Amẹ́ríkà ń ṣe é ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta, Yúróòpù ń dúró di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù náà. Láàárín méjèèjì, ìyàtọ̀ London àti New York á di wákàtí 4 dípò 5. Ó tún ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá àti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Ọ̀pọ̀ ìpàdé ni èèyàn ti pàdánù nínú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí.

Ní ìhà gúúsù ayé, ìgbà ooru wọn ni ìgbà òtútù àríwá. Sydney jẹ́ UTC+11 láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹrin, ó sì ń padà sí UTC+10. Japan ní tirẹ̀ kì í yí aago padà rárá.

Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ló pé wákàtí. Íńdíà jẹ́ UTC+5:30, Nepal sì jẹ́ UTC+5:45.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ṣe é padà sẹ́yìn. Ẹ mú aago ìbalẹ̀, ẹ sọ ọ́ di UTC, ẹ yọ aago ìgbéra tí ẹ ti sọ di UTC kúrò nínú rẹ̀. Iye wákàtí ìpele 3 gan-an ló gbọ́dọ̀ jáde.

Ìpele 5: Bí bàálù bá dúró lọ́nà

Ẹ ṣe ìpele 2 àti 3 fún apá ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ ro wọ́n pọ̀, kí ẹ sì fi wákàtí tí ẹ ó fi dúró kún un. Ẹ má ṣírò kìlómítà láti ìbẹ̀rẹ̀ sí òpin bí ẹni pé kò sí ìdúró.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “direct” tàn yín jẹ. Nínú èdè àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó lè jẹ́ bàálù tó dúró lọ́nà ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà. “Non-stop” ni èyí tí kò dúró níbì kankan.

*Àyẹ̀wò:* àpapọ̀ wákàtí yín gbọ́dọ̀ sún mọ́ iye tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ìrìn-àjò. Bó bá fi nǹkan bíi wákàtí méjì dín, ó ṣeé ṣe kí ìdúró kan wà tí ẹ kò rí.

Ìpele 6: Láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà

Fún ìrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ẹ fi wákàtí 3 síwájú ìgbéra, ẹ fi wákàtí 1 sí 2 sẹ́yìn ìbalẹ̀ fún yíyẹ ìwé àṣẹ ìrìnnà wò àti gbígba ẹrù, kí ẹ sì fi ọ̀nà ilẹ̀ kún un ní ìhà méjèèjì. Wákàtí 8 ti London sí New York á di 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wẹ́rẹ́. Èyí ni iye tó yẹ kí ẹ fi ṣètò oúnjẹ ọmọdé, oògùn tó ní àkókò lílò, tàbí ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé yín.

*Àyẹ̀wò ìkẹyìn:* ẹ tẹ nọ́ńbà bàálù náà sínú Flightradar24 tàbí FlightAware, kí ẹ wo iye wákàtí tó fi rìn gan-an láwọn ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Àwọn ibi wọ̀nyẹn sábà máa ń ka wákàtí láti ìgbà tí táyà kúrò nílẹ̀, nítorí náà ó lè fi ìṣẹ́jú 20 sí 40 dín sí ti tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ìyàtọ̀ bá ṣì kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ padà sí ìpele 3, kí ẹ tún wo atẹ́gùn oṣù náà àti àwọn òfuurufú tí ọ̀nà yín gbà.